Obì Orí Ìtàgé

Orí àkàbà ni mo wà ní gbọ̀ngàn ìlú ní Ṣàgámù, tí mò ń kun ògiri onípákó, nígbà tí ọ̀gá àgbà kan nínú iṣẹ́ tíátà pè mí láti Èkó. Èmi ni mo máa ń ṣe ojú ìtàgé: ilé, ọjà, àgbàlá, ohunkóhun tí eré bá fẹ́. Bàbá náà ní kí n wá ṣe ti eré ńlá kan fún àwọn, kí n sì gbéra lọ́jọ́ kejì. Áà! Ìpè tí mo ti ń retí láti ọjọ́ yìí!

Ṣùgbọ́n eré tí mò ń múra rẹ̀ lọ́wọ́ yìí ni àkọ́kọ́ tí ìyá mi máa lè wá wò. Obì ni màmá ń tà ní Ṣàgámù níbí. Orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n lè rin ìrìn-àjò mọ́, wọn ò sì rí iṣẹ́ mi rí. Bí èèyàn bá bi wọ́n pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, wọ́n á ní, "Ó ń kun pákó." Ó máa ń dùn mí, kí n má parọ́.

Mo sọ̀kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ bí ẹni pé bàbá náà ń rí mi nínú fóònù.

"Ẹ ṣeun gan-an sà, ẹ má bínú. Mi ò ní lè wá. Ìyá mi fẹ́ wo iṣẹ́ mi."

Wọ́n ní kò burú, àwọn á wá ẹlòmíràn. Nígbà tí mo dìde, ọ̀dà tútù tó kán sílẹ̀ ti gba gbogbo àyà ṣẹ́ẹ̀tì mi.

Lọ́jọ́ eré, màmá dé ṣáájú gbogbo èèyàn. Ṣọ́ọ̀bù olóbì ni mo ṣe sórí ìtàgé: agbọ̀n lórí agbọ̀n, obì pupa àti funfun tí mo fi pákó gbẹ́. Kí n tó kí wọn, wọ́n ti ń gun àtẹ̀gùn lọ tìbínú-tìbínú, tàwọn ti orúnkún.

"Ta ló ṣí obì sílẹ̀ báyìí láìfi ewé bò ó? Ṣé ẹ fẹ́ kó gbẹ ni?"

Wọ́n mú ẹyọ kan, wọ́n ń wá ojú kòkòrò lára rẹ̀, wọ́n fi èékánná ha á. Pákó ni. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n wá wò mí. Síbẹ̀, wọ́n ní àfi kí n wá ewé kí n fi bo àwọn obì náà kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Mo sáré lọ.

Nígbà tí eré parí, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń bi màmá pé ta ló ṣe ṣọ́ọ̀bù yẹn. Obì pákó náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

"Ọmọ mi ni. Ó tan èmi, èmi tí mo ti ń ta obì kí n tó bí i."