Ilẹ̀ Tí Wọ́n Fọ̀ Sílẹ̀ De Máṣíìnì

Ìyá Dídán ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè é, bẹ̀rẹ̀ láti orí dókítà títí dé orí ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí orúkọ náà, kó sáà wo ilẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tó ti ẹnu ọ̀nà lọ títí dé yàrá àwọn aboyún, táìlì funfun ni wọ́n fi tẹ́ ẹ. Ẹni tó sì yan funfun fún ilé ìwòsàn, ó dájú pé kò fọ ilẹ̀ rí láyé ẹ̀. Kò sí ohun tí kì í hàn lórí ẹ̀: ẹ̀jẹ̀, oògùn ojú egbò, ipa táyà bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń tì kọjá, ẹrẹ̀ bàtà àwọn tó wá wo aláìsàn. Kí àwọn dókítà tó dé láàárọ̀, Ìyá Dídán á ti kúnlẹ̀ ti búrọ́ọ̀ṣì ní gbogbo kọ̀rọ̀ tí mọ́ọ̀pù kò lè dé. Orúnkún ẹ̀ méjèèjì ti le bíi gìgísẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ní kó kúnlẹ̀. Tí wọ́n bá sọ fún un pé kó fi mọ́ọ̀pù fà á kó máa lọ sílé, á ní, "Ẹ ò lè bá irú iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ tèmi." Obìnrin náà nígbèéraga díẹ̀, ká má parọ́. Kò ní nǹkan mìíràn tó lè fi yangàn láyé ju ilẹ̀ yẹn lọ.

Obìnrin mẹ́rin ló ń bá a ṣiṣẹ́, òun sì ni olórí wọn. Àbúrò ẹ̀ wà lára wọn, ọmọ ìyá ẹ̀ gan-an. Ọkọ àbúrò yìí ti palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́, ó lọ láìwẹ̀yìn, ó fi àwọn ọmọ sílẹ̀ fún un. Ìyá Dídán ló bẹ̀bẹ̀ títí tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́. Iṣẹ́ yìí ni òun àtàwọn ọmọ ń jẹ, òun ni wọ́n fi ń san owó ilé. Tó bá bọ́, kò tún síbi tí wọ́n máa yà sí.

Ọ̀gá tó ń mójú tó ìnáwó ilé ìwòsàn ni àwọn òṣìṣẹ́ sọ ní Ẹ̀dínwó, lẹ́yìn ẹ̀ ni o. Wọ́n ní tí èèyàn bá fún un lómi mu lọ́fẹ̀ẹ́, á kọ́kọ́ bèèrè iye tí wọ́n máa dín níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó pe àwọn obìnrin náà sí ọ́fíìsì ẹ̀.

"Mo fẹ́ ra máṣíìnì tó ń fọ ilẹ̀," ó ní. "Àwọn tó ń tà á máa wá dán an wò níwájú wa nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, oríṣi mẹ́ta. Èyí tówó ẹ̀ bá kéré, tó sì mọ iṣẹ́ púpọ̀ ṣe, la máa rà. Iye èèyàn tí máṣíìnì yẹn bá nílò, ìyẹn ló máa kù lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má bínú, n kì í tan èèyàn."

Wọ́n jáde, ẹsẹ̀ wọn wúwo. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ti ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì rí, ó sì mọ máṣíìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó jókòó lórí garawa tó dojú dé, ó ń tú u palẹ̀ fún wọn. Àkọ́kọ́ ni Olóyì, èyí tí búrọ́ọ̀ṣì ńlá ń yí lábẹ́ ẹ̀. Owó ẹ̀ mọ níwọ̀n, ó ń fọ táìlì, ó ń dán símẹ́ǹtì, àmọ́ kì í fa omi. Ẹnì kan á máa fi mọ́ọ̀pù tẹ̀ lé e, ẹlòmíì á máa gbé bẹ́ǹṣì kúrò lọ́nà. Èkejì ni Amumi, tó ń fọ̀ tó sì ń fa omi lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ ẹ̀ dáa, àmọ́ owó ẹ̀ á ra mọ́tò, kò sì lè wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èèyàn ló máa ṣe ìyẹn.

"Ẹ̀kẹta ńkọ́?" àbúrò Ìyá Dídán bèèrè.

"Ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí. Kékeré ni, ó pọ́ọ́kú. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ẹnu àwọn tó ń tà á, ó ń gbálẹ̀, ó ń fọ̀ ọ́, ó ń fa omi, ó ń fọ kápẹ́ẹ̀tì, ó tún ń gun àtẹ̀gùn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń tì í." Ó rẹ́rìn-ín. "Àmọ́ irọ́ ni. Mo ti lò ó. Tó bá kan ìdọ̀tí gidi, ṣe ló máa ń fi kun ilẹ̀."

Ọkàn gbogbo wọn wálẹ̀. Ọjọ́rú ni ọjọ́ àwọn aboyún. Tó bá fi máa di Ọjọ́bọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn á ti rí bí ojú ọ̀nà oko.

"Ẹ jẹ́ kó wá," Ìyá Dídán ní. "Ilẹ̀ yẹn á dójú tì í." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́rú. Àwọn aboyún dé, àwọn tó sìn wọ́n wá dé, ẹrẹ̀ pupa bo táìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, tí oníkálùkù ti gbé báàgì kọ́pá, Ìyá Dídán dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn.

"Ṣé báyìí la ṣe máa fi í sílẹ̀ kí àwọn àjèjì wá bá a?"

Kò sẹ́ni tó ronú, ẹ jẹ́ ká dárí jì wọ́n. Láti ọdún tí wọ́n ti wà nídìí iṣẹ́ yẹn, tí àlejò bá ń bọ̀, ilẹ̀ ni wọ́n máa ń fọ̀. Wọ́n sọ báàgì kalẹ̀, wọ́n po ọṣẹ, wọ́n ká aṣọ sókè. Ẹnu ọ̀nà, tó burú jù, àbúrò ló mú un. Wọ́n fọ̀ ọ́ títí táìlì fi ń fi iná òkè hàn. Inú wọn dùn nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, inú wọn mà dùn o! N kò tíì rí ẹlòmíì láyé tó lè ṣe irú àṣìṣe yẹn, àfi ẹni tó ń fọ ilẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, Olóyì yí, ó ta omi sí ṣòkòtò Ẹ̀dínwó. Amumi rọra kọjá tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Kékeré náà sáré lọ, ó sáré bọ̀, ni ọkùnrin tó ń tà á bá fa áńkáṣíìfù funfun yọ lápò, ó bẹ̀rẹ̀, ó nu ilẹ̀, ó gbé e sókè. Áńkáṣíìfù ṣì funfun. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́.

Ìyá Dídán rẹ́rìn-ín músẹ́. Òun ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún, ohun tó kọ́kọ́ rò nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló yé e pé máṣíìnì ni wọ́n ń yìn. Ó wo ọ̀dọ̀ àbúrò ẹ̀. Àbúrò ti ń wò ó tipẹ́.

"Kí ni olówó ńlá yìí ṣe tí kékeré yìí ò ṣe?" Ẹ̀dínwó bèèrè.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà," Ìyá Dídán ní. "A ti fọ ilẹ̀ yẹn lánàá. Kò sí ìdọ̀tí kankan tí wọ́n fọ̀."

Ẹ̀dínwó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀ ń gbèjà àbúrò yín, ó yé mi. Ẹ mọ̀ pé máṣíìnì ń bọ̀ lónìí, ẹ wá fọ ilẹ̀ sílẹ̀ dè é? Ta ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Ìyá Dídán bi ara ẹ̀ náà. Ta ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́?

Wọ́n ra kékeré náà. Nígbà tóṣù parí, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ. Wọ́n dá Ìyá Dídán sí, torí ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa tì í. Àbúrò dúró lẹ́nu géètì, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ ní ká fọ̀ ọ́." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ó bú u, ì bá sàn.

Bí obìnrin òtẹ́ẹ̀lì ṣe wí náà ló rí. Tí máṣíìnì bá kan ẹrẹ̀, á fi kun táìlì bí ẹni ń kun ògiri. Ti àtẹ̀gùn tí wọ́n ní ó ń gùn, Ìyá Dídán ló ń gbé e máyà gùn ún. Tó bá ti tì í kọjá tán, á padà sẹ́yìn, á kúnlẹ̀, á fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe é lọ́tun. Gbogbo iṣẹ́ wọn ló ń dá ṣe. Ilẹ̀ sì ń dán, Ẹ̀dínwó sì ń fọ́nnu káàkiri pé máṣíìnì òun ò láfiwé.

Ìgbà tó yá, àwọn ọ̀gá láti ilé ìwòsàn mìíràn ní àwọn ń bọ̀ wá wò ó. Ẹ̀dínwó pe Ìyá Dídán sí kọ̀rọ̀.

"Ẹ bá mi fọ ilẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọ̀la, kí àwọn àlejò tó dé lọ́túnla."

"Ṣebí máṣíìnì wà, sà."

Ẹ̀dínwó kò wo ojú ẹ̀. "Ẹ sáà fọ̀ ọ́. Ẹ lè pe àbúrò yín kó wá ràn yín lọ́wọ́. Màá fún un ní nǹkan."

Inú bí Ìyá Dídán gan-an. Ọkùnrin yìí mọ̀ pé máṣíìnì náà ò mọ iṣẹ́ ṣe! Síbẹ̀, ó gba ilé àbúrò ẹ̀ lọ. Ó bá a níwájú ilé níbi tó ti ń fọ aṣọ onílé-onílé, ibẹ̀ ló ti ń wá oúnjẹ báyìí. Àbúrò kúnlẹ̀ kí i, ó gbé àpótí fún un jókòó. Ìyá Dídán ro ẹjọ́ tó bá wá.

Àbúrò fún aṣọ ọwọ́ ẹ̀ gbẹ, ó sá a. "Àwọn àlejò yẹn, tí wọ́n bá délé, ṣé irú máṣíìnì yẹn ni wọ́n máa rà?"

"Bóyá."

"Èèyàn mélòó ló ń fọ ilẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn?"

Ìyá Dídán dìde lórí àpótí. Àbúrò fa aṣọ mìíràn jáde nínú omi. "Ẹ kí ilé o, Àǹtí mi."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Ìyá Dídán gbé báàgì ẹ̀ kọ́pá. Ó ti pinnu: òun ò ní fọ̀ ọ́. Kí wọ́n wá bá ẹrẹ̀, kí máṣíìnì tẹ́, kí ojú ti gbogbo wọn. Ó rìn dé géètì, aṣọ́nà sì ti ń ṣílẹ̀kùn fún un. Ibẹ̀ ló dúró sí. Kì í ṣe ìbẹ̀rù iṣẹ́ nìkan ló dá a padà. Ojú ló ń tì í, ojú ń tì í nítorí ilẹ̀. Ó padà wọlé, ó po ọṣẹ, ó kúnlẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan nínú àwọn àlejò fi áńkáṣíìfù nu ilẹ̀, ó gbé e sókè, ó funfun. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún máṣíìnì, wọ́n bèèrè iye tí wọ́n rà á. Ẹ̀dínwó yíjú sẹ́yìn, ó ní kí Ìyá Dídán náà pàtẹ́wọ́. Ó pàtẹ́wọ́.