Bẹ́ǹṣì Ẹlẹ́ni Méjì ní Kólórí

Ọdún kẹsàn-án rèé tí Tíṣà Grémà ti ń kọ́ ọmọ lábúlé Kólórí, tí Yagáná ìyàwó rẹ̀ wà ní ìlú Dàmágárámù pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé: kí ìjọba gbé e padà sílé. Wọ́n sì ti sọ fún un pé kíláàsì tó bá pa lọ́lọ́ níwájú olùbẹ̀wò ló ń yọ tíṣà lóko.

Kíláàsì Grémà kì í pa lọ́lọ́. Ó to bẹ́ǹṣì yípo, ariwo. Ó kó àwọn aláriwo síwájú, ariwo wá sún mọ́ etí rẹ̀. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí olùbẹ̀wò dé, ọgbọ́n àgbọ́njù sọ sí i lọ́kàn: kí ọmọ Kànúrí kan jókòó ti ọmọ Fúlàní kan lórí bẹ́ǹṣì kọ̀ọ̀kan. Èdè wọn ò pa pọ̀, kí ni wọ́n fẹ́ sọ?

Ẹ gbọ́ mi o! Grémà tó jẹ́ Kànúrí, tó pe Fúlàní oníwàrà lẹ́rú òun láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, tí onítọ̀hún pe òun náà lẹ́rú padà, tí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín! Eré àwọn baba ńlá wa ni, kí Kànúrí àti Fúlàní máa pe ara wọn lẹ́rú láìbínú. Grémà mọ̀ ọ́n lọ́jà, kò mọ̀ ọ́n ní kíláàsì. Èdè Haúsá tí gbogbo wọn gbọ́ làwọn ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ eré náà.

"Ẹrú mi, gbé ìgbọ̀nwọ́ ẹ kúrò lórí ìwé mi!"

"Èmi, ẹrú ẹ? Ìwọ tí bàbá mi fi ààbọ̀ ewúrẹ́ rà!"

Olùbẹ̀wò dé, Alàájì Díkkò, àgbà Fúlàní olójú líle. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ àwọn ọmọ lẹ́nu. Grémà ti ń di ẹrù lọ́kàn nígbà tí Díkkò lọ jókòó ti Yákúrá, ọmọbìnrin Kànúrí tí ẹnìkejì rẹ̀ ti da màlúù lọ.

Yákúrá wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀. "Bàbá Fúlàní, ẹrú mi, ẹ rọra jókòó. Ṣé ẹ fẹ́ fọ́ bẹ́ǹṣì olówó yín ni?"

Grémà sáré bọ́ síwájú kó lè bẹ̀ ẹ́.

Díkkò ṣí fìlà. "Ọmọ yìí! Ọjọ́ tí mo ra ìyá ẹ, ìwọ ni wọ́n fi ṣe ènì!"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Títí ọ̀sán, ẹnikẹ́ni ò ṣí ìwé mọ́. Díkkò nu omijé ẹ̀rín, ó di Grémà lọ́wọ́ mú.

"Tíṣà, mi ò rí irú ìjókòó yìí rí. Ìwọ lo ronú ẹ̀?"

"Èmi ni, Alàájì."

Lẹ́yìn oṣù méjì, lẹ́tà ìjọba dé: irú tíṣà bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò ní Kólórí láé, kí àwọn tíṣà yòókù máa wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Grémà kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá mú bírò. "Yagáná," ó kọ̀wé sí i, "wọ́n yìn mí. Jọ̀ọ́, má bínú."