Nẹ́tíwọ̀kì Tó Ń Já Nígbà Tí Oòrùn Bá Yọ

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Odile Cyr fi ṣe nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn ìlú wọn, lókè pátápátá ní ìpínlẹ̀ Maine, níbi tó jẹ́ pé odò kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn àti Kánádà. Yàrá pàjáwìrì ló ti ṣiṣẹ́. Ó ti di ọwọ́ ẹni tí ẹ̀rọ ìkórè ànàmọ́ fà ya, ó ti dúró ti ẹni tí igi wó lù nínú igbó títí ẹ̀mí fi bọ́. Orúnkún ló lé e kúrò níbẹ̀. Nígbà tí méjèèjì wú, tí kò lè dúró ju wákàtí kan lọ mọ́, ó gba iṣẹ́ tí èèyàn lè jókòó ṣe: ó di ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì tí aráàlú ń pè nígbà tí ẹnìkan bá gbé májèlé mì.

Inú ilé ara rẹ̀ ló ti ń ṣe é. Kọ̀ǹpútà méjì wà níwájú rẹ̀, íńtánẹ́ẹ̀tì ló sì ń gbé ohùn àwọn èèyàn wá bá a: ìyá tí ọmọ rẹ̀ mu ọṣẹ, àgbàlagbà tó lo oògùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ó gbàgbé. Odile mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn di èèyàn mú. Ọ̀gá rẹ̀, Wanda Tibbetts, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní ìrìn ọkọ̀ wákàtí márùn-ún sí i, máa ń ní kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé jókòó gbọ́ bí Odile ṣe ń sọ̀rọ̀.

Nínú oṣù kẹta ni nẹ́tíwọ̀kì bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Kì í lọ pátápátá. Á lọ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, á dé, á tún lọ. Odile pa àpótí kékeré tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì kiri ilé, ó tún tàn án. Ó ra wáyà tuntun. Ó gbé àpótí náà jìnnà sí ilé ìdáná. Ó yọ kọ̀ǹpútà kan, ó fi ìkejì nìkan ṣiṣẹ́. Pàbó ni gbogbo rẹ̀ já sí. Ó pe ilé-iṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún un, wọ́n sì rán oníṣẹ́ kan wá ní ago mẹ́jọ àárọ̀, nígbà tí gbogbo nǹkan ṣì dì gbagidi níta. Ọ̀gbẹ́ni náà fi ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn.

"Ìyá, nẹ́tíwọ̀kì yín dáa ju tèmi lọ," ó ní. "Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ kọ̀ǹpútà yín ló ti darúgbó."

"Kò tíì pé ọdún méjì tí mo rà á."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀." Ó ní kó fọwọ́ síwèé, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ìpè mẹ́ta já mọ́ Odile lẹ́nu. Wanda pè é.

"Odile, o mọ̀ pé mi ò fi ẹ́ ṣeré. Àmọ́ iṣẹ́ tiwa kì í ṣe iṣẹ́ tí ohùn ń já."

"Mo ń wá ojútùú sí i."

"Tó bá tún ṣẹlẹ̀ pẹ́nrẹ́n, màá yọ ẹ́ kúrò lórí ìpè."

Odile gbé fóònù sílẹ̀. Ó mú ìwé kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjọ́ àti aago tí nẹ́tíwọ̀kì bá já sílẹ̀, bó ṣe máa ń kọ ìgbóná ara aláìsàn.

Ọjọ́bọ̀, ní nǹkan bí ago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀, ọkùnrin kan pè. Èémí rẹ̀ ń já.

"Ọmọ mi ti kó oògùn ìyá mi jẹ. Ọmọ ọdún méjì ni."

"Mo gbọ́ yín. Ẹ kọ́kọ́ fún mi ní nọ́ńbà yín, kí n lè pè yín tí a bá já."

Ọkùnrin náà ń kà á, Odile ń fi bírò kọ ọ́. Ó ku nọ́ńbà kan ṣoṣo kó parí nígbà tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́ wẹ́lo. Ojú kọ̀ǹpútà dúró gan-an. Iná àpótí náà pọ́n.

Odile gbàgbé pé òun ní orúnkún. Ó sáré dé ilé ìdáná, níbi tí fóònù àtijọ́ wà lára ògiri, torí fóònù alágbèéká kì í gbé ládùúgbò yẹn. Ó pe ọ́fíìsì: gbogbo nọ́ọ̀sì tó kù ló wà lórí ìpè, ẹ̀rọ ní kó dúró. Ta ni yóò dúró? Ó wo nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkan ló ṣẹ́ kù: láti òdo dé ẹ̀sán, kò lè ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ tí yóò fi rí i.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo. Kò sí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ó tẹ ení, ìyá arúgbó kan gbé e, ó fẹ́ mọ ọmọ ẹni tó ń pè. "Ẹ má bínú, ìyá, àṣìpè ni." Èjì dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ẹ̀ta, ṣọ́ọ̀bù oní-táyà. Ó tẹ ẹ̀rin, fóònù ní ẹni náà ń bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ta ló lè máa lo fóònù báyìí, bí kò ṣe ẹni tó ń wá òun? Ó fi í sílẹ̀, ó tún tẹ ẹ̀rin. Bákan náà. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ọkùnrin náà gbé e.

"Odile ni, nọ́ọ̀sì. Ẹ ka lẹ́tà tó wà lára ìgò yẹn fún mi, lọ́kọ̀ọ̀kan."

Kò tíì kà á tán tí Odile fi mọ̀ ọ́n. Oògùn ọkàn ni. Ẹyọ kan tó láti dá ọkàn ọmọ kékeré dúró, kì í sì í fi ara hàn lójú ẹsẹ̀.

"Mélòó ló yẹ kó kù níbẹ̀?"

"Ogún. Mẹ́tàdínlógún ni mo kà. Àmọ́ ó ń ṣeré, ṣé ẹ gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀? Bóyá kò tiẹ̀ gbé e mì."

"Ẹ má wo ti ẹ̀rín. Ẹ má fi ìka sí i lọ́fun, ẹ má fún un ní nǹkankan mu. Níbo lẹ wà?"

Ó sọ ibẹ̀ fún un, ilé kan létí igbó. Odile ní kó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, kó má gbé ọmọ náà sílẹ̀. Ó já fóònù náà, ó pe áńbúláǹsì, ó pe ilé ìwòsàn tó ti ṣiṣẹ́ rí pé kí wọ́n ti múra sílẹ̀, ó wá pe ọkùnrin náà padà. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún ló fi bá a sọ̀rọ̀, ó ń bi í nípa ojú ọmọ, nípa èémí ọmọ, títí ariwo áńbúláǹsì fi wọ inú fóònù.

Lọ́sàn-án, ọkàn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àárín àwọn dókítà ló wà nígbà yẹn. Ó yè é. Ilé ìwòsàn ló pe Odile sọ fún un. Wanda náà pè: ó kí i kú iṣẹ́, ó sì yọ ọ́ kúrò lórí ìpè.

Odile gbé ìwé tó ń kọ aago sí, ó sọdá títì lọ bá Armel, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ rẹ̀. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Armel fi gun òpó wáyà tẹlifóònù. Ó ti tó ọdún méjì tí àwọn méjèèjì ò ti sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ, látìgbà tí Odile ti ta ọkọ̀ ojú omi olóògbé láìsọ fún un.

"Ìyàwó," Armel ní, kò dìde. "Ṣé ọkọ̀ mìíràn lo tún fẹ́ tà ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ kan fẹ́ẹ̀ kú mọ́ mi lẹ́nu lónìí."

Ó gba ìwé náà, ó gbé awò sójú. Ó kà á pẹ́.

"Kò já lọ́jọ́ Ajé."

"Rárá o."

"Oòrùn ò yọ lọ́jọ́ Ajé. Wo èyí, kò já kó tó di ago mẹ́wàá rí. Tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, tí nǹkan tún dì, ó dáa." Ó gbójú sókè. "Ìhà ibo ni wáyà yẹn gbà wọlé?"

"Ibi tí oòrùn ń pa jù. Àmọ́ oníṣẹ́ wọn wá láago mẹ́jọ àárọ̀, kò rí nǹkankan."

"Láago mẹ́jọ, tí gbogbo nǹkan ṣì dì. Kí ló máa rí?"

Nígbà tó fi máa di ago mẹ́wàá ọjọ́ kejì, wọ́n ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Yìnyín orí òrùlé ń yọ́. Omi náà ń tò lórí wáyà bí ìjàlọ, ó ń lọ tààrà sínú àpótí aláwọ̀ eérú tó wà lára ògiri, níbi tí wáyà ti ń wọlé. Armel gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin."

"Ta ni yóò gùn ún? Ìwọ àti orúnkún ẹ?"

"Èmi ni. Ẹ bá mi dì í mú."

Ìgbésẹ̀ márùn-ún ni. Ní ìkẹta, ẹsẹ̀ àkàbà yọ̀ lórí yìnyín, Odile so mọ́ ògiri, ó gbọ́ bí Armel ṣe ń mí gùle nísàlẹ̀, ó ń fi èjìká ti àkàbà padà. Àkàbà dúró. Odile gun méjì tó kù. Bó ṣe ṣí àpótí náà, omi dà sí i lápá. Ẹnu wáyà ti dípẹtà, ó ti di àwọ̀ ewé.

Armel ń sọ fún un látilẹ̀: gé ibi tó jẹrà, nu inú rẹ̀ gbẹ, fi ẹnu tuntun yìí sí i. "Jẹ́ kí wáyà yẹn kọ́kọ́ sọ̀ kọjá àpótí, bí ikùn, kó tó wá gòkè wọ ibẹ̀. Ibi ikùn yẹn ni omi á ti máa kán sílẹ̀. Omi kì í gun òkè."

Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó ti iná àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ago mọ́kànlá lù. Omi ń kán níta. Odile bu tíì fún Armel, kò lè mu tirẹ̀.

"Mi ò lè máa rí ọkọ̀ yẹn lójoojúmọ́, ẹ̀gbọ́n," ó sọ lójijì.

Armel wo inú ife rẹ̀. "O bá ti sọ fún mi."

"Ó yẹ kí n sọ."

Títí ago mẹ́rin, iná náà kò pọ́n. Wanda ní kí wọ́n dán an wò fọ́jọ́ mẹ́ta sí i. Fọ́jọ́ mẹ́ta, oòrùn pa gan-an, kò já. Ọjọ́rú ni Odile padà sórí ìpè. Mẹ́rìnlá ló gbé lọ́jọ́ yẹn, ìkankan ò já mọ́ ọn lẹ́nu. Síbẹ̀, ó tó oṣù kan kí ojú rẹ̀ tó yé sá lọ síbi iná kékeré náà nígbàkúùgbà tí ẹnìkan bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà.