Alhaja Àsúmáù, Àgbọn àti Ìràwọ̀

Kí Ọlọ́run forí jin Alhaja Àsúmáù, àgbọn mẹ́tàdínlógún ló mì lọ́jọ́ Sátidé kan ní ọjà Rye Lane ní London kó tó ra ẹyọ kan. Á gbé e sétí, á mì ín, á dijú, á sì dá a padà bí ẹni tí wọ́n purọ́ fún. Bàrákàt, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, queue ti gùn," Ọláoyè tó ni ìsọ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Inú ẹ̀ ni mò ń gbọ́. Àbí kí n fọ́ ọ kí n tó rà á?"

Èyí tó kọ́kọ́ mì náà ló padà rà. Ó tún ní kí Ọláoyè bẹ òun, torí ó fi àkókò òun ṣòfò.

Iṣẹ́ ìwádìí nípa ìràwọ̀ ni Bàrákàt ń ṣe ní yunifásítì. Ìyá rẹ̀ ní kó ṣàlàyé ẹ̀ fún òun.

"Mummy, àwọn star kan ti kú. Wọ́n wúwo ju oòrùn lọ, síbẹ̀ wọn ò fẹ̀ tó London. Tí méjì bá ń yí ara wọn po, tí wọ́n fẹ́ kọlu ara wọn, òfuurufú fúnra ẹ̀ á máa mì, waves ẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ wa. Òun la fi ń mọ̀ bóyá inú wọn le tàbí ó rọ̀."

"Ẹ ò lè là á wò?"

"A ò lè débẹ̀."

"Àgbọn náà nìyẹn," Alhaja dáhùn.

Lọ́jọ́ Sunday, ó kéde fáwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí pé bí òun ṣe ń gbọ́ inú àgbọn ni ọmọ òun ń gbọ́ inú star. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ojú ti Bàrákàt.

"Mummy, ẹ má sọ nǹkan tẹ́ ò mọ̀."

Alhaja tún ìbòrí rẹ̀ ṣe, ó ní ó dáa. Kò tún sọ ọ́ lójú ọmọ rẹ̀ mọ́.

Kí bọ́ọ̀sì tí wọ́n wọ̀ lọ sílé tó dé Forest Hill, Bàrákàt ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àgbọn tí ìyá òun sọ tọ̀nà. Ìgbéraga ò jẹ́ kó sọ ọ́. Ó rò pé àyè ṣì wà. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Alhaja kú ní ọsibítù kan ní Lewisham.

Adémidé, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀, ló kó ẹrù rẹ̀ fún Bàrákàt.

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń gbọ́ inú star? Mummy sọ ọ́ fún gbogbo ward. Nígbà tí doctor gbé stethoscope sí wọn láyà, wọ́n ní iṣẹ́ ọmọ àwọn ló ń ṣe yẹn. Wọ́n ní ká má sọ fún yín o, pé ẹ ò fẹ́ràn ẹ̀."

Bàrákàt rẹ́rìn-ín, ẹkún sì gbà á lẹ́nu ẹ̀rín.

"Ṣé òótọ́ ni wọ́n sọ?" Adémidé bi í.

"Òótọ́ ni. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an ló rí," Bàrákàt wí fún ẹni tí kì í ṣe ìyá rẹ̀.