Kẹ́tù Tí Ń Jẹ́ Màmá Ìkirè

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Rosemary rí kẹ́tù Denmark, ọ̀rọ̀ olè ló dá sílẹ̀. Ìsọ̀ Bísí ló wà ní Mowe, níbi tí Bísí máa ń pàtẹ ẹrù tòkunbọ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ márosẹ̀: abọ́, fáànù, àga ọmọdé, gbogbo ohun tí òyìnbó ti lò tó sì ti sú u. Rosemary gbé kẹ́tù tánganran pupa kan, ó dorí rẹ̀ kodò kó lè mọ̀ bóyá ó ń jò, ó sì rí i pé wọ́n kọ DENMARK sí ìdí rẹ̀.

"Bísí, ta ni Denmark?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, mà."

"O ò mọ̀ ọ́n, o sì ń ta kẹ́tù ẹ̀! Tètè dá a padà fún obìnrin yẹn kí wọ́n tó wá fi ọlọ́pàá mú ẹ."

Ẹ má dá a lẹ́bi. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin tó bá mọ iyì ẹrù rẹ̀ á fi ọ̀dà kọ orúkọ sí ìdí ìkòkò, á kọ ọ́ sí ìdí kúlà, kí ẹni tó yá a lọ síbi ìnáwó má baà sọ ọ́ di tirẹ̀. Rosemary fúnra rẹ̀ kò ní abọ́ kan nílé tí wọn kò kọ MAMA MOLAYO sí nídìí. Mọ́láyọ̀ yìí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà tó gbọ́. "Mummy, country ni o! Orúkọ ìlú òyìnbó ni!" Ni Rosemary bá padà lọ ra kẹ́tù náà, ó sì bẹ Bísí.

Láti ọjọ́ yẹn ni kẹ́tù Denmark ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Aránṣọ ni, yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ló sì ń rán jù. Ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni: nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra góòlù àti léèsì, kẹ́tù ni òun ń rà. Ó kún orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó kún ojú fèrèsé, ó gorí fíríìjì. Ládélé ọkọ rẹ̀ ní Ọlọ́run ló yọ òun tí kì í ṣe ẹṣin ló fẹ́ràn. Bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó mu tíì rí láti inú ọ̀kankan wọn.

Bí ẹ bá bi í pé kí ló rí lára wọn, á gbé ọ̀kan lé yín lọ́wọ́, á ní kí ẹ wò ó dáadáa. Ìdí ńlá, ọwọ́ kan ní ìbàdí, ẹnu tó nà síta bí ẹni tó fẹ́ jà. "Obìnrin ni," á ní. "Obìnrin tó mọ ohun tó ń ṣe." Ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Èyí pupa ni Àǹtí Ọmọ́títí, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ìránṣọ. Èyí funfun tẹ́ẹ́rẹ́ ni ìyàwó pásítọ̀ wọn àtijọ́. Èyí tí ẹnu rẹ̀ wọ́ díẹ̀ ni àbúrò Ládélé, ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún un. Mọ́láyọ̀ tilẹ̀ kà á lórí fóònù pé àwọn ará Denmark fúnra wọn ní irú kẹ́tù aláró kan tí wọ́n ń pè ní Màdáámù, inú ìyá rẹ̀ sì dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ọmọ náà wá fi kún un pé kọfí ni wọ́n ń fi í pò, kì í ṣe tíì. Ìyá ní kó jókòó jẹ́ẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, Mílò tíì ni, kọfí tíì ni, ohun yòówù tí a bá da omi gbígbóná lé lórí, tíì náà ni.

Aláró ńlá kan wà láàrin wọn, Màdáámù gan-an, tó ga ju àwọn yòókù lọ, tí tánganran rẹ̀ ti bó léjìká. Màmá Ìkirè lorúkọ ìyẹn, òun nìkan ni Rosemary kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá tó bí Rosemary gan-an ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, obìnrin dúdú, gíga, tí kì í jẹ́ kí wọ́n ya òun ní fọ́tò. Bí Rosemary bá lọ kí i ní Ìkirè, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti bá a, ọwọ́ ní ìbàdí, ètè síta: "Ṣé ìsinsìnyí lò ń dé?" Ọdún kòrónà ló kú, nígbà tí ìjọba ti ojú ọ̀nà láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Orí fóònù ni Rosemary ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bu yẹ̀pẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lórí. Nígbà tí ọ̀nà ṣí, ó wá fọ́tò ìyá rẹ̀ káàkiri mọ̀lẹ́bí, kò rí ẹyọ kan. Ọdún tó tẹ̀lé e ló wọ ìsọ̀ Bísí, tó bá kẹ́tù aláró yẹn tó dúró lórí tábìlì, tó fọwọ́ gbé ìbàdí, tó ń wo ẹnu ọ̀nà. Rosemary bú sẹ́kún níbẹ̀. Bísí rò pé owó tí òun pè ló pọ̀ jù, ó sì yáa dín in kù.

Nígbà tó yá, Mọ́láyọ̀ mú ọkọ wálé. Ṣàkírù lorúkọ rẹ̀, ará Àgbàdo, ọmọ Àlàájì Mùsáfírù Ògúnkànmí tó fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Ọmọ dáadáa ni, ó níṣẹ́ lọ́wọ́, ó mọ̀ ọ́n kí. Mùsùlùmí ni. Rosemary, tó jẹ́ díákónẹ́ẹ̀sì ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, fi ẹnu gbà. Ọkàn rẹ̀ kò tíì gbà. Mọ́láyọ̀ sì mọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn òbí ọkọ ń bọ̀ wá mọ ilé, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́. Mo fẹ́ràn Ṣàkírù gan-an. Ẹ má jẹ́ kí nǹkan kan bàjẹ́ lónìí."

"Kí ló fẹ́ bàjẹ́?" ni ìyá wí, ó ń nu kẹ́tù lọ. Ó ti fọ Màmá Ìkirè mọ́, ó sì gbé e sórí tábìlì pálọ̀ kí ìyá òun náà lè rí àwọn tó fẹ́ gba ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Àwọn àlejò dé: Àlàájì, ìyàwó rẹ̀, àti Ṣàkírù. Wọ́n kí ara wọn dáadáa, Rosemary sì wọ kíṣìnnì lọ láti bu oúnjẹ. Kò pẹ́ ni àkókò ìrun àsárì tó. Àlàájì béèrè omi tí òun yóò fi ṣe àlùwàlá. Ládélé, tí ara rẹ̀ ti wà lọ́nà láti ṣe àlejò, wò yíká, ó rí kẹ́tù. Ó mọ̀ pé kẹ́tù làwọn Mùsùlùmí fi ń ṣe àlùwàlá. Kí ló tún kù? Ó bu omi kún un, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Àlàájì. Ọkùnrin tó ti ń bá kẹ́tù gbélé láti ọjọ́ yìí wá, tí kò rí iṣẹ́ kan tí wọ́n ń ṣe, inú rẹ̀ dùn pé ọ̀kan rí iṣẹ́.

Rosemary gba ẹ̀yìnkùlé kọjá pẹ̀lú abọ́ ẹran lọ́wọ́. Ó rí Àlàájì lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó ń fi Màmá Ìkirè fọ ẹsẹ̀. Omi ń jáde lẹ́nu ìyá rẹ̀, ó ń ṣàn gba àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ bàbá onírùngbọ̀n.

Ẹnu rẹ̀ là. Ohun tó wà lẹ́nu náà, ẹ jẹ́ kó dúró síbẹ̀. Ó gbójú sókè, ó sì rí Mọ́láyọ̀ nídìí ilẹ̀kùn, omijé ti kún ojú ọmọ náà kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ rárá. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Rosemary pa ẹnu dé. "Ẹ kú ìrun o, sà," ló rí sọ, ó sì padà sí kíṣìnnì lọ fara ti ògiri.

Nígbà tí Àlàájì kírun tán, ó gbé kẹ́tù wọ pálọ̀. "Kẹ́tù yìí mà dáa o," ló wí. "Oníke tí mò ń lò nílé, ibi tó bá wù ú ló ń da omi sí. Èyí mọ ibi tó ń lọ."

Ẹ mọ ohun tó kàn nígbà tí àna àgbà bá yin nǹkan ilé ẹni. Ládélé kò tilẹ̀ mí. "Ẹ máa mú un lọ, sà! Ilé kún fún un!"

"Rárá," ni Rosemary wí.

Kò pariwo. Ìyàwó Àlàájì gbé ife omi sílẹ̀. Mọ́láyọ̀ fọwọ́ bojú. Rosemary kúnlẹ̀ níbi tó wà.

"Ẹ má bínú, sà. Kì í ṣe pé mo láhun. Ìyá mi ni."

Ó sọ gbogbo rẹ̀: ọ̀nà tí wọ́n tì, ìsìnkú orí fóònù, fọ́tò tí kò sí. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ojú ń tì í, torí ó mọ bí yóò ṣe máa dún létí wọn, àgbàlagbà obìnrin, díákónẹ́ẹ̀sì, tó ń pe kẹ́tù ní ìyá. Ẹ̀rín ló ń retí.

Àlàájì kò rẹ́rìn-ín. Ó wo kẹ́tù náà. "Kí lorúkọ màmá?"

"Àbẹ̀kẹ́, sà."

Ó rọra gbé e kalẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. "Kí Ọlọ́hun kẹ́ Àbẹ̀kẹ́. Kó forí jì í, kó jẹ́ kí inú sàréè gbà á láyè." Gbogbo wọn ṣe àmín. Ti Ládélé ló ròkè jù, torí ó ti mọ ohun tí òun yóò gbọ́ tí àlejò bá lọ tán.

"Kánò ni iṣẹ́ rélùwéè gbé mi sí nígbà tí ìyá tèmi kú," ni Àlàájì wí. "Kí n tó délé, wọ́n ti sin ín." Ó yọ áńkáṣífì funfun lápò, ó nu kẹ́tù náà látòkè délẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Rosemary. "Mo ti fi màmá fọ ẹsẹ̀. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

Rosemary gba kẹ́tù náà mọ́ra. Ó kàn ń wo ọkùnrin náà, ó sì fẹ́ràn rẹ̀.

Wọ́n jẹun, wọ́n sọ̀rọ̀, ilẹ̀ sì fẹ́ ṣú. Nígbà tí ìrun mùgáríbà tó, Àlàájì rọra béèrè lọ́wọ́ Ládélé bóyá wọ́n ní ike kékeré kan. Ládélé gbé ike wá. Rosemary gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó sì lọ bu omi sínú Màmá Ìkirè. Àlàájì ní rárá. Rosemary tẹ̀ lé e dé ẹ̀yìnkùlé, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ní kó na ọwọ́.

Láti ìgbà tó ti ra kẹ́tù náà, kò tíì da omi láti inú rẹ̀ rí. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra dà á. Omi ya bàrà, ó rin apá agbádá Àlàájì gbingbin. Mọ́láyọ̀ sáré jáde pẹ̀lú táwẹ̀lì, ó sì gbọ́ tí ìyá rẹ̀ pe bàbá Ṣàkírù ní àna fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ẹ má bínú, àna mi," ni Rosemary ń wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Ìyá mi máa ń kánjú."