Wọ́n Gé Ọ̀rọ̀ Rìsíkátù sí Méjì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí sínú títí ó fi ń bù mí jẹ. Ẹ fún mi láyè kí n tú u sílẹ̀ lónìí. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni n ó ṣe sọ ọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ló gbà mí síṣẹ́ ìwádìí ìlera níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. (N kò ní í dárúkọ rẹ̀. Kó máa fọkàn balẹ̀, bó bá ní ọkàn.) Ìwádìí ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni. Ní ti ẹsẹ̀ kìíní, ẹ ó bi ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìbéèrè kan náà, ẹ ó sì ka iye àwọn tó dáhùn bákan náà. Ní ti ẹsẹ̀ kejì, ẹ ó jókòó ti díẹ̀ nínú wọn, kí ẹ gbọ́ ìdí ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Lẹ́yìn náà lẹ ó wá kọ ọ́ jáde bóyá ẹsẹ̀ méjèèjì bára wọn rìn tàbí wọn ò bára wọn rìn. Iṣẹ́ gidi ni, bó bá jẹ́ olóòótọ́ ló ń ṣe é!

Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ò ṣòro. Ṣé inú àwọn aboyún ń dùn sí ìtọ́jú tí wọ́n ń rí ní ilé ìlera abúlé kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀? Àbájáde wa ni ìjọba ìbílẹ̀ máa fi pinnu bóyá mátírọ́ọ̀nù ibẹ̀ máa dúró tàbí ó máa lọ.

Ẹ wá wo ibi tí wọ́n ti béèrè. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìlera yẹn náà ni! Mátírọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ ló gbé àga fún àwọn abéèrè, ó wá fara ti ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ dá mi lóhùn: aboyún wo ló máa sọ fún àlejò, lójú ẹni tó máa gbẹ̀bí rẹ̀, pé obìnrin yìí ń bú mi? Àwa tí ibà ń gbọ̀n, tí wọ́n bá bi wá pé ara ńkọ́, tí a máa ní a dúpẹ́! "A dúpẹ́" náà ni gbogbo wọn sọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì máàkì í fún wọn pé inú wọn dùn.

Ẹsẹ̀ kejì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ilé ni mo bá wọn lọ, nídìí gàrí tí wọ́n ń yan. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Rìsíkátù, ọ̀dọ́bìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní ìdí ẹ̀gẹ́ tí òun ń bó ni ìrọbí ti mú òun lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí òun ṣe wà lòun ṣe lọ sí ilé ìlera. Mátírọ́ọ̀nù di imú. Ó ní òun ò ní í fọwọ́ kan ẹni tó ń rùn bí ìkòkò fùfú, kó lọ wẹ̀ ná. Ẹnu géètì ló bímọ sí. Ọmọ náà ò ké.

Mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀. Ohun tó sọ rèé, ẹ fara balẹ̀ kà á: "Bí ìyá ni mátírọ́ọ̀nù ṣe sí mi, ohun tí òun fúnra ẹ̀ ń sọ kiri nìyẹn. Ìyá wo ló ń lé ọmọ rẹ̀ tó ń rọbí pé kó lọ wẹ̀?"

Mo kọ ọ́ sínú ìròyìn wa pé ẹsẹ̀ méjèèjì ò bára wọn rìn, mo sì kọ ìdí ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kà á, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tí ò bá ti bá iye mu, dídà ni wọ́n ń dà á nù. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn obìnrin yẹn dà bí àlùbọ́sà tí wọ́n gé sórí ìrẹsì: ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun lèèyàn ń jẹ yó. Mo bẹ̀ ẹ́ pé, ó kéré tán, ká kọ ọ́ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ mátírọ́ọ̀nù la ti béèrè. Ó ní ta ló bi wá?

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé àbájáde jáde, gbọ̀ngàn kún. Alága ìjọba ìbílẹ̀ wá, àwọn dókítà wá. Wọ́n fi mọ́tò gbé Rìsíkátù wá, wọ́n sì fi í síwájú. Wọn ò sọ ìdí ẹ̀ fún un. Àfi bí lẹ́tà gàdàgbà ṣe yọ lára ògiri: "Bí ìyá ni mátírọ́ọ̀nù ṣe sí mi." Lábẹ́ ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé ìyá ọlọ́mọ kan ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá ọlọ́mọ!

Ọ̀jọ̀gbọ́n nawọ́ sí i pé òun rèé. (Àwa tá a ṣèlérí fún un pé ẹnikẹ́ni ò ní í mọ̀!) Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mátírọ́ọ̀nù dìde, ó lọ dì mọ́ ọn. Rìsíkátù dúró bí igi.

Mo dìde, mo ní ọ̀rọ̀ yẹn ò pé. Ọ̀jọ̀gbọ́n ò tiẹ̀ bínú. Ó yíjú sí àwọn dókítà, ó ní, "Ẹ má dá a lóhùn, onítàn wa nìyẹn. Àwa ń kà, òun ń sunkún." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Dókítà kan tiẹ̀ bi mí bóyá mo ti jẹun láàárọ̀. Àwọn tó kàwé nìyẹn o!

Mátírọ́ọ̀nù ò kúrò níbi kankan. Wọ́n tún ilé ìlera kùn, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún sí ògiri ẹ̀gbẹ́ géètì, kí gbogbo aboyún lè máa kà á wọlé.

Mo lọ bá Rìsíkátù nílé láti bẹ̀ ẹ́. Oyún mìíràn ti yọ lára rẹ̀. Kò bá mi jà. Ó ń yan gàrí ẹ̀ lọ.

"Àǹtí," ló ní, "ibẹ̀ yẹn náà ni n ó bí èyí sí, kò síbòmíì nítòsí. Ẹ má bi mí ní nǹkan kan mọ́."

Ohun tí mo kọ́ rèé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe irú ìwádìí yìí, ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ ti béèrè, àti ẹni tó dúró tì yín. Níbi tí iye àti ọ̀rọ̀ ẹnu bá ti ń jà, ẹ kọ ìjà náà, ẹ má là á fún wọn lábẹ́ tábìlì. Kẹ́ ẹ sì tó lẹ ọ̀rọ̀ èèyàn mọ́ ògiri, ẹ padà lọ kà á fún ẹni tó ni ín. Bí ìyẹn bá le jù fún yín, ẹ lọ máa ka ìràwọ̀. Ìràwọ̀ kì í bímọ.

Ẹ̀yin tí wọ́n ti bi ní ìbéèrè rí ńkọ́? Níbo ni wọ́n gbé àga yín sí? Ta ló dúró lẹ́yìn yín? Kí lẹ sọ, kí ni wọ́n kọ? Ẹ kọ odindi ẹ̀ sísàlẹ̀ níbí, bó ti wù kó gùn tó. N kò ní í gé e.