Àtẹ́wọ́ Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn Oníkáàdì

Òórùn ata gbígbẹ ló máa ń dá mi padà sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn ní Ikosì. Mummy onílé wa ń ta ata ní Mile 12, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sì ti máa ń sá a, lórí tapólì, nítòsí igi máńgòrò. Ọmọ wọn ọkùnrin, ẹgbẹ́ mi, ló ń bá àwọn iléeṣẹ́ de ilẹ̀kùn oníkáàdì, ilẹ̀kùn tí kì í lo kọ́kọ́rọ́, àfi kéèyàn fi káàdì kàn án kó tó ṣí. Òun ló kọ́ wa ní eré kan tá a máa ń ṣe lọ́sàn-án Sọ́ńdè nínú yàrá rẹ̀ lókè. Nínú eré náà, a ti dé ayé iwájú, a wà nínú ọkọ̀ ojú sánmà. Òun á sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwa á sọ ohun tá a fẹ́ ṣe, a ó sì da dáìsì lúdò láti mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe. Ọ̀gá Eré la fi ń pè é.

Èmi ni aṣílẹ̀kùn wọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Bí Ọ̀gá Eré bá ti ní ilẹ̀kùn kan tì, èmi ni wọ́n máa yíjú sí. Màá ní mo ti já wáyà rẹ̀, màá da dáìsì, ilẹ̀kùn á ṣí. Ó wọ̀ mí lórí débi pé mo gbà tọkàntọkàn pé kò sí ilẹ̀kùn tó lè tì mọ́ mi láyé. Àbúrò mi obìnrin ni dókítà ọkọ̀ náà, ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ onígbàjámọ̀ ni awakọ̀ wa. Kí eré lè dùn, Ọ̀gá Eré de ojúlówó ilẹ̀kùn oníkáàdì sí yàrá náà, ó fi òòfà ńlá mú un. Báàgì àti fóònù kò gbọ́dọ̀ wọlé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ la máa ń kó wọn sí, torí ó ní ta ló ń gba ìpè ní sánmà.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó ní afẹ́fẹ́ ti ń tán nínú ọkọ̀, ká ronú bá a ṣe máa jáde kóun tó ra epo jẹnẹrétọ̀ dé. Ó mú káàdì kan ṣoṣo tó wà dání, ó jáde, ilẹ̀kùn dún “tíì” lẹ́yìn rẹ̀. Ata ti ń ta wá nímú láti ìsàlẹ̀, ni mo bá ti fèrèsé, mo fa kọ́tìnnì, kí yàrá lè ṣókùnkùn bíi sánmà. Kò pẹ́ tí àbúrò mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó di àyà mú, èémí rẹ̀ ń dún fíì-fíì. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lè mí.” Ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín: “Ẹ wo dókítà! Ó mọ̀ ọ́n ṣe ju gbogbo wa lọ!” Àwa méjèèjì pàtẹ́wọ́ fún un. A pa àtẹ́wọ́ ọ̀hún dáadáa. Mo tiẹ̀ ní kó tún un ṣe.

Ìgbà tó gbójú sókè wò mí, tí mo rí i pé ètè rẹ̀ ti ń dúdú, ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe eré. Láti kékeré ló ti ní ásímà, àmọ́ ó ti pẹ́ tó ti mú un gbẹ̀yìn. Ínhélà tó máa ń fọ́n sẹ́nu wà nínú báàgì rẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀, ilẹ̀kùn yẹn nìkan ló wà láàárín wa. Mo fà á, kò mì. Ọ̀rẹ́ mi fi èjìká gbá a, kò mì. Ìgbà yẹn gan-an ni iná lọ. Mo pariwo ayọ̀, torí nínú eré wa, bí iná bá ti lọ, gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló máa ń ṣí fúnra wọn. Mo tún fà á. Iná pupa kékeré tó wà lára rẹ̀ ṣì ń tàn, torí Ọ̀gá Eré ti so bátìrì mọ́ ọn lọ́dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀rù tó bà mí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kẹ́ ẹ mọ irú rẹ̀. Èmi tí mo ti ṣí gbogbo ilẹ̀kùn ayé iwájú wá dúró níwájú ilẹ̀kùn kan n'Íkosì, mò ń fi èékánná ha á. Lẹ́yìn mi, fíì-fíì yẹn ń lọ sílẹ̀, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí jù.

Ọlọ́run ló rán mi létí fèrèsé. Mo ṣí i, mo ki ẹnu bọ àárín irin tí wọ́n fi dí i torí olè: “Mummy! Ẹ gbà wá o! Kò lè mí! Ínhélà rẹ̀ wà nínú báàgì lọ́dẹ̀dẹ̀!” Mummy da ata nù. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí àtẹ̀gùn, mo gbọ́ tí wọ́n ń gbá ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń pe Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dákẹ́, mo ní ó ti parí. Àṣé wọ́n ti padà sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n gbé ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń ká máńgòrò, wọ́n ti fi ìborùn wọn so ínhélà mọ́ orí rẹ̀, wọ́n ń nà án sókè. Ó kọ́ irin, ó yẹ̀. “Nawọ́, jàre! Nawọ́!” Mo nawọ́ títí irin fi bó mi lápá, mo sì dì í mú. Àbúrò mi fọ́n ọn, ó tún un fọ́n. Nígbà tó yá, ó bú sẹ́kún. Mi ò tíì gbọ́ ẹkún tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀gá Eré dé tòun ti kẹ́ẹ̀gì epo, ó fi káàdì kan ilẹ̀kùn, “tíì,” ó ṣí wẹ́rẹ́. Mummy wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Tú ilẹ̀kùn yẹn.”

“Mummy, ẹ jọ̀ọ́…”

“Mo ní kó o tú u kí n tó jókòó!”

Wọ́n wá yíjú sí mi. “Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ìwọ, fèrèsé ńkọ́ látìgbà yẹn?” Mi ò lè sọ fún wọn pé ní ojú sánmà, kò sẹ́ni tó ń ṣí fèrèsé.

Àbúrò mi ti wà nílé ọkọ báyìí, ní àdúgbò Anthony, ínhélà kì í kúrò lápò rẹ̀. Níbi iṣẹ́ mi, káàdì la fi ń wọlé, mo sì máa ń wo ibi tí fèrèsé wà kí n tó jókòó. Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi ṣe eré nílé ìwé wọn, ó ṣubú bí ẹni tó kú, gbogbo òbí bú sí àtẹ́wọ́. Èmi dìde, mo na ọrùn, mò ń wo àyà rẹ̀. Ìgbà tí mo rí i tó mí ni mo tó jókòó, tí mo tó pàtẹ́wọ́ tèmi, tí àwọn yòókù ti pa tiwọn tán.